Ilà, Fínfín àti Iṣẹ́ Abẹ fún Ẹwà: Àyẹ̀wò Ìfiwéra Kan

Èrò kan wà tí àwọn onímọ̀ ń tún sọ léraléra láìyẹ̀ ẹ́ wò: pé ẹni tí ó kọ ilà sí ojú, ẹni tí ó fín ara, àti ẹni tí ó dùbúlẹ̀ kí dókítà tún imú rẹ̀ ṣe, ohun kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe. Abẹ ni abẹ ń jẹ́, ẹ̀jẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń jẹ́, ẹwà sì ni gbogbo wọn ń wá. Èrò rere ni ó wà lọ́kàn àwọn tí ó ń sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n fẹ́ gba olóólà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ó ń pè é ní aláìlajú. Ṣùgbọ́n ìgbèjà tí ó bá da ohun méjì pọ̀ mọ́ ara wọn kò ì tíì gbèjà èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Iṣẹ́ Robert Farris Thompson lórí bí Yorùbá ṣe ń ṣe lámèyítọ́ iṣẹ́ ọnà, èyí tí ó jáde ní 1973, wà lára ohun tí ìgbèjà yìí gbé ara lé. Thompson so ọ̀rọ̀ tí Yorùbá ń lò fún ọ̀làjú mọ́ ilà ojú: ilẹ̀ tí ó lajú, gẹ́gẹ́ bí àlàyé rẹ̀, ni ilẹ̀ tí ó ní ilà lójú. Èrò náà dùn ún gbọ́, ó sì ti rìn jìnnà nínú ìwé àwọn ẹlòmíràn. Ìṣòro rẹ̀ ni pé kò sí Yorùbá tí í sọ pé ‘ojú rẹ̀ là’ nípa ọmọ tí olóólà ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ilà fún. Afọ́jú tí ó ríran ni ojú rẹ̀ là. Ọmọ ajá tí ó ti lo ọjọ́ mélòó kan láyé ni ojú rẹ̀ là. Ẹyinjú ni ó là nínú ọ̀làjú, kì í ṣe ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó ṣeé ṣe kí là inú ilà àti là inú ọ̀làjú jẹ́ ìbátan, nítorí a ń la igi, a sì ń la ọ̀nà, ṣùgbọ́n ìbátan kì í ṣe ẹnì kan náà.

Ẹ̀rí tí ó lágbára jù wà nínú ọ̀rọ̀-ìṣe. Yorùbá ń kọ ilà, wọ́n sì ń fín ara. Kọ ni wọ́n ń kọ ebè, kọ náà ni wọ́n wá ń kọ ìwé nígbà tí ìwé dé. Fín ni wọ́n ń fín igbá. Nínú gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí, àpá ọwọ́ òṣìṣẹ́ ni ó ṣẹ́kù, àpá náà gan-an sì ni iṣẹ́. Ẹni tí ó ń fín kóló sí ara a máa fi dúdú ra ojú ọgbẹ́ kí ó má baà parẹ́. Bí ó bá sì jinná tán, ó ní orúkọ. Nítorí náà ni Samuel Johnson ṣe lè to ilà ojú lẹ́sẹẹsẹ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1921: abàjà, kẹ́kẹ́, gọ̀ǹbọ́, túrè, pélé àti àwọn yòókù. Ojú tí a kọ ilà sí ṣeé kà.

Ọ̀rọ̀ náà ‘iṣẹ́ abẹ’ yá orúkọ irinṣẹ́ olóólà lò fún ti dókítà, ṣùgbọ́n irinṣẹ́ nìkan ni wọ́n jọ ní. Ní 1898, ní ìlú Berlin, dókítà Jacques Joseph dín imú ọkùnrin kan kù. Ara ọkùnrin náà dá ṣáṣá. Ohun tí ó ń ráhùn lé ni pé gbogbo ènìyàn ń wo imú òun, kò sì lè jáde sí àwùjọ mọ́. Joseph, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ Júù, wá di ẹni tí àwọn Júù ń tọ̀ lọ kí imú má baà máa fi wọ́n hàn láàrin àwọn tí ó kórìíra wọn. Nígbà tí ó yá, inú ihò imú ni ó ń gbà ṣe iṣẹ́ náà kí àpá má baà hàn lóde. Iṣẹ́ tí ó yege jù ni èyí tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ó wáyé. Síbẹ̀, àpá ọgbẹ́ idà wà lójú Joseph alára. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Jámánì ìgbà náà a máa fi idà bá ara wọn jà nínú ẹgbẹ́ wọn, wọ́n sì ń gbé àpá tí wọ́n gbà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kiri gẹ́gẹ́ bí àmì akin àti ti ọ̀mọ̀wé. Kí ni èyí bí kò ṣe ilà? Ọkùnrin kan ṣoṣo, ó fi ojú tirẹ̀ sọ ẹgbẹ́ tí ó wà, ó sì fi ọwọ́ rẹ̀ pa ohun tí ojú ẹlòmíràn ń sọ mọ́.

Yorùbá náà kò ṣàìmọ ẹwà tí ó ń fi ara pamọ́. Éjí àmútọ̀runwá ni àṣà ń yìn, ṣùgbọ́n àwọn kan a máa yún eyín iwájú wọn kí àlàfo lè wà níbẹ̀, àwọn dókítà eyín sì ń bá wọn ṣe é. Ta ni yóò fẹ́ kí a sọ ní gbangba pé irin ni ó fún òun ní éjí? Nítorí náà, ààlà tí ìfiwéra yìí ń wá kò sí láàrin Yorùbá àti Òyìnbó. Ó wà láàrin iṣẹ́ tí ó fẹ́ kí a rí ọwọ́ òṣìṣẹ́ àti iṣẹ́ tí ó fẹ́ kí a rò pé bẹ́ẹ̀ ni a ṣe bí ẹni náà.

Ewu kò lè ya wọ́n sọ́tọ̀. Ọgbẹ́ ilà lè kẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2005, Stella Ọbásanjọ́, aya Ààrẹ Nàìjíríà nígbà náà, kú ní ilẹ̀ Sípéènì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ fún ẹwà.

Ibi tí ìgbèjà ilà ti rọ ni ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda. Ọmọ ọwọ́ kò lè sọ pé òun fẹ́ tàbí pé òun kọ̀. Ìdílé ni ó ń fi ojú rẹ̀ sọ̀rọ̀. Fínfín yàtọ̀ sí èyí, àwọn olùfiwéra sì sábà máa ń gbàgbé rẹ̀: ẹni tí ó ti gbọ́njú ni ó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ fín ara, a sì ń yìn ín pé ó lè fara da ìrora. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, ní abala 24, pa méjèèjì pọ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ọmọdé: ẹni tí ó bá fín ara ọmọ tàbí tí ó kọ ilà fún un lè san ìtanràn tí kò ju ₦5,000 lọ, tàbí kí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù kan lọ, tàbí méjèèjì. Òfin náà tọ̀nà ní ti ọmọ ọwọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ń fi òfin yìí bẹnu àtẹ́ lu ojú àgbàlagbà tí ó ti ní ilà ti kọjá ohun tí ó sọ.

Irú àgbàlagbà bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ti fi ṣẹ̀fẹ̀ láti ilé-ìwé dé ibi iṣẹ́, a máa tọ dókítà lọ nígbà mìíràn, abẹ kejì a sì dé orí ti àkọ́kọ́. Dókítà lè gé àpá àtijọ́ kúrò kí ó sì rán ojú rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n kò lè dá awọ tí ó wà níbẹ̀ kí olóólà tó dé padà. Ẹni tí ó gbé pélé wọlé yóò gbé àpá tín-ín-rín jáde, kò sì sí ẹni tí yóò mọ orúkọ tí à ń pe àpá náà. Pípa ilà rẹ́ ni à ń pe iṣẹ́ yìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni olùkọ́ ṣe ń pa ohun tí ó kọ sára pátákó rẹ́.