Òòfà Tó Ń Yí Láàrin Bàbà

Bí NEPA bá ti mú iná lọ ní Kémta, ní Abẹ́òkúta (a ò tíì fi orúkọ yẹn sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ mìíràn ló ń ta iná fún wa báyìí), ariwo ẹ́ńjìnnì á gba àdúgbò kan, láti ọ̀dọ̀ àwọn aránṣọ títí dé ọ̀dọ̀ àwọn aládìrẹ Ìtòkú. Ariwo yẹn ló ń tan àwọn oníbàárà mi jẹ. Wọ́n á gbé jẹnẹrétọ̀ wá, wọ́n á ní, "Bọ̀dá, ó ń dún dáadáa o, iná ni ò mú wá." Ẹ́ńjìnnì ò mú iná wá rí. Iṣẹ́ tirẹ̀ ò ju kó máa yí irin kan lọ. Ẹ̀yìn lọ́hùn-ún, níbi tí kì í pariwo, ni iná ti ń jáde, ibẹ̀ náà sì ni oúnjẹ mi wà.

Ẹ tú ìdérí ẹ̀yìn. Ẹ máa rí rótọ̀ tó ń yí láàrin, àti sítétọ̀ tó yí i ká, tó jókòó jẹ́ẹ́, tí a wé wáyà bàbà sínú àwọn ihò rẹ̀. Òòfà ni rótọ̀. Àwọn méjèèjì kì í fara kanra. Àlàfo tín-ín-rín ló wà láàrin wọn. Síbẹ̀ ọ̀kan ń lé iná sáré nínú èkejì. Ó pẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, èyí ò tíì sú mi.

Michael Faraday, ọmọ alágbẹ̀dẹ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló rí i ní 1831. Ó ti òòfà bọ inú wáyà tó wé, abẹ́rẹ́ ìwọ̀n tó so mọ́ ọn yà sí ọ̀nà kan. Ó fa òòfà jáde, abẹ́rẹ́ yà sí ọ̀nà kejì. Ó fi òòfà sílẹ̀ sínú rẹ̀, abẹ́rẹ́ padà sáàyè, kò mì mọ́. Òòfà tó bá dúró, kò sí iná lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní ṣọ́ọ̀bù mi: bí ẹnu àríwá òòfà bá kọjá níwájú bàbà, iná á sáré síhìn-ín, bí ẹnu gúúsù bá dé, á ṣẹ́rí padà. Ní Nàìjíríà, àlọ àti àbọ̀ yìí gbọ́dọ̀ pé ìgbà 50 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ni pé rótọ̀ ẹlẹ́nu méjì gbọ́dọ̀ yí nígbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan. Bí kò bá yí tó bẹ́ẹ̀, fáànù á máa wọ́ ẹsẹ̀.

Ẹ tẹ́tí sílẹ̀ nígbà tí aránṣọ bá ki áyọ́ọ̀nù bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì: ẹ́ńjìnnì á kérora. Iná tó ń sáré nínú bàbà ti sọ bàbà náà di òòfà, ó ń fa rótọ̀ sẹ́yìn, ẹ́ńjìnnì sì gbọ́dọ̀ mu epo sí i kó tó lè borí rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun fẹ́ ta jẹnẹrétọ̀ tí kì í lo ohunkóhun fún yín, ẹ di owó yín mú.

Wíwé ni iṣẹ́ gan-an. Bí mo ṣe ń tú bàbà àtijọ́ ni mò ń kà á, mò ń wo bó ṣe nípọn sí àti ìhà tó kọjú sí. Bí ìdì kan bá lọ sódì, yóò máa pa iṣẹ́ èkejì, iná ò sì ní pé. Lẹ́yìn náà ni bébà nínú ihò, okùn, fánníìṣì. N kì í kánjú nídìí fánníìṣì. Wáyà tí kò bá lẹ̀ mọ́ra á máa gbọ̀n, á ha ara rẹ̀ títí yóò fi jó.

Nígbà mìíràn, bàbà ò ní àrùn kankan. Jẹnẹrétọ̀ tó ti sùn pẹ́ lè pàdánù òòfà kékeré tó máa ń ṣẹ́kù sínú irin rótọ̀, kò sì ní ohun tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ mọ́. Màá tú AVR, ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣàkóso agbára iná, kúrò, màá fi bátìrì fóòtì 12 kan ojú káábọ̀nù tó ń gbé iná lọ sínú rótọ̀ díẹ̀, ó tán. Owó rẹ̀ ò pọ̀, òun ló sì ń dùn mọ́ mi jù.

Jẹnẹrétọ̀ ńlá náà lè sùn pẹ́. Dáàmù Ọyán, tí Ààrẹ Shehu Shagari ṣí ní 1983, kò jìnnà sí wa. Wọ́n gbé ẹ̀rọ 3 síbẹ̀, mẹ́gáwáàtì 3 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí omi lè máa yí wọn. Omi kì í sáré tó ẹ́ńjìnnì wa, nítorí náà ẹnu òòfà ni wọ́n máa ń fi kún nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀: rótọ̀ ẹlẹ́nu 20, bó bá yí nígbà 300 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 50 yẹn náà ló máa mú wá. Omi Ọyán ń dé Abẹ́òkúta, ó ń dé Èkó, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ẹ̀rọ yẹn fi jókòó láìmú iná wá. Bí wọ́n bá bi mí léèrè, irin wọn kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù, ọ̀rinrin ni. Kí ẹnikẹ́ni tó ṣí omi sí ẹ̀rọ tó ti jókòó pẹ́ bẹ́ẹ̀, kó kọ́kọ́ fi mẹ́gà, ẹ̀rọ tí a fi ń mọ̀ bóyá iná ń jò, wọn wáyà wíwé inú rẹ̀. Bí ọ̀rinrin bá ti wọ̀ ọ́, kí wọ́n mú kó gbẹ; bí fánníìṣì bá ti lọ, kí wọ́n tú u, kí wọ́n tún un wé.