Èdè Awakọ̀ Èkó Nínú Àròkọ Akẹ́kọ̀ọ́

Àwọn olùkọ́ kan máa ń fi yíǹkì pupa fagi lé ọ̀rọ̀ awakọ̀ Èkó nínú àròkọ. Wọ́n ní èdè ìgboro ni. A kò bá wọn gbà. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin kékeré tó ń ná àárín Èkó láti 1902 kógbá sílé, ọkọ̀ orí títì ló gba èrò rẹ̀. Ọ̀kan nínú irú wọn ni bọ́lẹ̀kájà, ọkọ̀ tí a fi pákó kàn. Ẹ wo ìhun orúkọ náà: 'bọ́ ilẹ̀, kí á jà'. Ìpajẹ fáwẹ̀lì wáyé, odindi gbólóhùn sì di ọ̀rọ̀-orúkọ, bí a ti ń rí i nínú orúkọ ènìyàn. Chinweizu àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì fi í pe ara wọn nínú lámèyítọ́ tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ. Ṣé àwa tí a ni ín ni yóò wá fagi lé e?

Bákan náà ni 'Ó wà o!' tí kọ́ńdọ́tọ̀ ń ké: èrò tí yóò sọ̀ ni 'ó' dúró fún, 'wà' sì di àṣẹ fún awakọ̀ láti dúró.

Ní èrò tiwa, kí olùyẹ̀wò kọ́kọ́ wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Lẹ́nu awakọ̀ inú ìtàn, máàkì ló tọ́ sí irú èdè bẹ́ẹ̀. Nínú àròkọ aláríyànjiyàn, Yorùbá àjùmọ̀lò ni kí a béèrè.