Ẹni Tó Gbẹ́ Kòtò, Kó Kọ́kọ́ Fò Ó

Nígbà tí a wà ní kékeré, ẹni tó bá pa àlọ́ àpamọ̀ gbọ́dọ̀ mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Bí gbogbo wa bá dáhùn tí a kò gbà á, òun ni a máa yíjú sí. Bí òun náà kò bá rí nǹkan sọ, ariwo ni a ó fi lé e kúrò láàárín agbo. Òfin yìí ni mo rántí lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbá géèmù tí wọ́n ń pè ní Super Mario Maker.

Iléeṣẹ́ Nintendo ní Japan ló gbé e jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015 fún ẹ̀rọ Wii U. Ìkejì rẹ̀ jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 2019 fún ẹ̀rọ Switch. Láti ọdún 1985 ni Mario, púlọ́ńbà onítúbọ̀mu tó dé fìlà pupa, ti ń sáré nínú Super Mario Bros., tó ń fo kòtò, tó ń tẹ àwọn ìjàpá mọ́lẹ̀ títí yóò fi dé ìdí òpó àsíá. Láyé ìgbà náà, orí ìwé gíráàfù ni àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ náà ti ń ya ọ̀nà tí yóò gbà. Géèmù tuntun yìí gbé ìwé gíráàfù náà lé gbogbo wa lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n òfin kan wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè fi ìpele tó kọ́ ránṣẹ́ sí aráyé, àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá kọ́kọ́ gbá a dé ìdí àsíá. Lójú tèmi, òfin kan ṣoṣo yìí níye lórí ju gbogbo àwọ̀ mèremère inú géèmù náà lọ. Ó sọ fún akọ́lé pé ohun tí ìwọ kò lè ṣe, má fi dán ọmọ ẹlòmíì wò.

Síbẹ̀, òfin náà kò tó. Nínú ìpele àkọ́kọ́ tí mo kọ́, mo fi bíríkì tí ojú kò rí pamọ́ sókè kòtò kan. Ẹni tó bá fò bó ṣe yẹ kéèyàn fò, yóò forí sọ bíríkì náà, yóò sì já sínú kòtò. Èmi mọ ibi tó wà, nítorí náà mo kọjá wẹ́rẹ́. Mo pe àbúrò mi kó wá gbá a. Ó kú, ó tún kú. Nígbà tó yá, ó gbé ohun ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, “Àǹtí, ṣé ẹ ò fẹ́ kí n débẹ̀ ni?” N kò rí èsì fọ̀.

Ibi tí àléébù òfin náà wà nìyẹn. Ó ń bèèrè bóyá ìpele náà ṣeé ṣe, kò bèèrè bóyá ó tọ́. Ẹ wo ìbẹ̀rẹ̀ géèmù ti ọdún 1985. Ọ̀tá kan ṣoṣo ló ń bọ̀ wá bá ọ. Bí o kò bá fò, o kú, àmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ kò jìnnà. O ti kọ́ ẹ̀kọ́, o kò sì pàdánù púpọ̀. Olùkọ́ ló ya ibẹ̀. Ọdẹ ni èmi, pàkúté ni mo dẹ.

Àwọn kan tilẹ̀ wà tó rẹ́ òfin náà jẹ. Kí Nintendo tó ti iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì Wii U pa ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Team 0% pinnu pé gbogbo ìpele tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbá yọrí ni àwọn yóò gbá. Èyí tó kù gbẹ̀yìn ni Trimming the Herbs. Ọ̀pọ̀ ògbóǹtarìgì ló fi ọjọ́ púpọ̀ jìjàkadì pẹ̀lú rẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún náà, ẹni tó kọ́ ọ jẹ́wọ́ pé ẹ̀rọ ló bá òun tẹ bọ́tìnnì. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú kíkà. Àmọ́ ṣáájú ìtìpa, ẹnìkan fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbá a yọrí. Àlọ́ tí apàlọ́ fúnra rẹ̀ kò mọ̀, ará agbo ló túmọ̀ rẹ̀.

Ìtìpa yẹn náà kọ́ wa lọ́gbọ́n. Orí ilẹ̀ onílẹ̀ ni gbogbo wa ń kọ́lé sí. Nínú géèmù kejì, ẹni tí kò bá san owó íntánẹ́ẹ̀tì Nintendo kò lè fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́, kò sì lè gbá tẹlòmíì. Yorùbá ní ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣoni. Rẹ́gí ni ohun ẹni ń bá ni mu.

Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, mo ṣì ń yin géèmù yìí, nítorí ó kọ́ mi pé ẹni tó bá fi ìṣòro lélẹ̀ jẹ àlejò rẹ̀ ní gbèsè ọ̀nà àbájáde. Mo padà sídìí ìpele mi, mo yọ bíríkì náà, mo fi owó ẹyọ wúrà mẹ́ta tọ́ka ibi tó yẹ kéèyàn fò sí. Àbúrò mi tún kú níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ló dé ìdí àsíá, ó ní kí n kọ́ òmíràn.