Ibi Tí Ayàwòrán Dúró Wo T'Challa

Ẹni tó bá ti gbé pẹ́ńsùlù láti ya Black Panther rí yóò mọ ibi tí iṣẹ́ náà ti le. Ìbòjú rẹ̀ kò ní ẹnu. Superman ní ojú tó ń rẹ́rìn-ín, Batman ní àgbọ̀n àti ètè tí ayàwòrán lè fún pọ̀ bí inú bá ń bí i, ṣùgbọ́n T'Challa, ọba Wakanda tó ń jẹ́ Black Panther yìí, dúdú ni láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ojú méjì tó funfun nìkan ló yọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ya kọ́míìkì. Mo ti ya jagunjagun, mo ti ya iwin, kò sì sí èyí tó kọ́ mi níṣẹ́ tó ọkùnrin yìí, nítorí ó sọ ọ́ di dandan fún mi láti wá ibòmíràn tí inú rẹ̀ yóò gbà hàn: èjìká, ọrùn, bí ìka ṣe tàn ká, bí ẹsẹ̀ ṣe tẹlẹ̀. Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù ni ibi tí ẹni tó ń wò ó dúró sí.

Kí a tó fa ìlà kankan nínú àpótí àwòrán, a gbọ́dọ̀ ti mọ ibi tí ojú wà. Bí ojú bá wà nílẹ̀, ọba yóò ga bí òkè. Bí ó bá wà lókè, ọba yóò di ẹnì kan péré láàárín èrò. Àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán tó ti ń gba T'Challa lọ́wọ́ ara wọn láti 1966, ohun tí mo rí tí wọ́n ń ṣe nìyẹn. Àwọn ènìyàn máa ń rò pé aṣọ ni wọ́n ń pààrọ̀ fún un. Ibi tí wọ́n dúró sí ni wọ́n ń pààrọ̀.

Stan Lee àti Jack Kirby ló kọ́kọ́ gbé e jáde, nínú Fantastic Four nọ́ńbà 52, oṣù Keje ọdún 1966. Kirby ti kọ́kọ́ ya irú rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Coal Tiger, tí ojú rẹ̀ wà ní gbangba, tí aṣọ rẹ̀ sì ní àwọ̀ ìyeyè; inú mi dùn pé ìyẹn kò dé orí àtẹ. Nínú ìtàn tó jáde, ọba yìí pe àwọn Fantastic Four wá kí i ní Wakanda, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dọdẹ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nínú igbó kan tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ni igi rẹ̀, ẹ̀rọ sì ni ìtàkùn rẹ̀. Ó ń borí wọn lọ ni, títí Wyatt Wingfoot, ọ̀rẹ́ wọn tí ọba kò kà sí, fi da ètò náà rú. Títí di òní, mo ṣì ń ṣí ojú ìwé wọ̀nyẹn wò kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kirby kì í ya ara ènìyàn bí dókítà ṣe mọ̀ ọ́n. Agbára ló ń yà. Joe Sinnott fi tàdáwà tẹ àwọn ìlà náà láìṣojo, wọ́n sì fi àwọ̀ búlúù sára aṣọ dúdú náà níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti kàn án, nítorí pé bí a bá kun dúdú nìkan, ńṣe ni akọni á dà bí ihò lórí bébà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí wọ́n fi wá sí. Ẹ̀yìn àlejò la wà. Ohun tó ya àlejò lẹ́nu la rí. A mọ̀ pé Klaw ló pa T'Chaka, bàbá ọba, nítorí vibranium, irin iyebíye ìlú náà. Ṣùgbọ́n a kò mọ bí àwọn ará ilé ṣe ń kí ọba bí ilẹ̀ bá mọ́.

Don McGregor ló kọ́kọ́ wọlé dé yàrá. Iṣẹ́ àtúnkà ló ń ṣe ní Marvel, ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ ìwé náà, nígbà tó rí i pé ìwé kan tó ń jẹ́ Jungle Action kún fún ìtàn àtijọ́ tó jẹ́ pé òyìnbó ni akọni nínú igbó Áfíríkà. Ó ṣàròyé, wọ́n sì gbé ìwé náà lé e lọ́wọ́. Láti nọ́ńbà 6 ní 1973 dé nọ́ńbà 18 ní 1975, ó kọ Panther's Rage, ìtàn kan ṣoṣo tó ń tẹ̀ síwájú nínú ìwé tó ń jáde lẹ́ẹ̀kan lóṣù méjì. Wakanda ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀ látòkè délẹ̀. Àwọn ọmọ ìlú ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, wọ́n ń fẹ́ra wọn, wọ́n ń jà, inú sì ń bí wọn sí ọba tó fi ààfin sílẹ̀ tó lọ ń bá àwọn Avengers gbé ní Amẹ́ríkà. W'Kabi, olórí ẹ̀ṣọ́ rẹ̀, kò fi bò fún un. Ibẹ̀ náà ni Killmonger, ọ̀tá ọba, ti kọ́kọ́ yọjú, tó sì gbé ọba jù sísàlẹ̀ láti orí ìṣàn omi gíga kan.

Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ayàwòrán inú ìwé yìí kì í sú mi í sọ. Rich Buckler ló bẹ̀rẹ̀, Billy Graham, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, ló sì ya èyí tó pọ̀ jù. Ẹ wo ohun tí wọ́n fi ìbòjú tí kò lẹ́nu náà ṣe: wọ́n jẹ́ kí aṣọ ya. Ẹ̀gún ya á, eyín ẹranko ya á, ọ̀bẹ ya á, nígbà tí orí ìtàn kan bá fi máa parí, ẹran ara ọba ti yọ síta, ẹ̀jẹ̀ ti yọ síta, a sì ti mọ bí ó ṣe rẹ̀ ẹ́ tó láìrí ètè rẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, ojú ìwé Graham ni mo kọ́kọ́ máa ń fi hàn wọ́n. Mo máa ń ní kí wọ́n fi ọwọ́ bo orí ọba, kí wọ́n wá sọ fún mi ohun tó ń rò. Wọ́n ń rí i sọ. Nígbà tí ìjà àjàkẹ́yìn sì dé, ọmọkùnrin kékeré kan, Kantu, ló ti Killmonger ṣubú, ọba kọ́. Òǹkọ̀wé tó dúró lọ́dọ̀ àlejò kò lè rí Kantu rárá débi tí yóò fún un nírú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

McGregor tún gbé T'Challa lọ sí Georgia, níbi tí àwọn Ku Klux Klan ti dè é mọ́ àgbélébùú tí iná ń jó. Kí ìtàn yẹn tó yanjú, wọ́n dá ìwé náà dúró lọ́dún 1976. Ní oṣù Kíní 1977, Kirby padà dé pẹ̀lú ọ̀pọ̀lọ́ idẹ Ọba Sólómọ́nì tó ń gbé nǹkan láti ayé àtijọ́ wá sí òde òní. Kò dárúkọ Georgia. Ìtàn ìrìn àjò ni, eré ni, ó sì yára bí nǹkan míì. Ó dùn mí pé ìtàn Georgia já sílẹ̀, síbẹ̀ n kò lè bá àwọn tó ń bú Kirby bú u.

Ẹni tí mo kà sí ọ̀gá gbogbo wọn nínú iṣẹ́ àtúntò yìí ni Christopher Priest. Ní 1998, òun àti Mark Texeira bẹ̀rẹ̀ ìwé tuntun, ẹnu òṣìṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà kan, Everett K. Ross, ni wọ́n sì ti jẹ́ ká gbọ́ ìtàn náà. Nígbà tí a kọ́kọ́ bá Ross pàdé, kò tiẹ̀ wọ ṣòkòtò. Ó ń sọ ọ̀rọ̀ síwá sẹ́yìn, ẹ̀rù ń bà á, kò sì yé e tán. T'Challa ní tirẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. A kì í sábà gbọ́ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ibi tí gbogbo àwa ayàwòrán ti ń wá ọgbọ́n tí a ó fi ṣẹ́gun ìbòjú náà, Priest sọ ọ́ di agbára ọba: ẹni tí a kò mọ èrò rẹ̀ ni à ń bẹ̀rù. Texeira gbọ́ èdè yẹn. Ó fi òkùnkùn yí i ká débi pé nígbà míì, ojú funfun méjì yẹn nìkan ni yóò fi hàn pé ẹnì kan wà nínú yàrá.

Ohun tí Priest ṣe sí ọdún 1968 ni n kò lè gbàgbé láé. Lọ́dún yẹn, nínú Avengers nọ́ńbà 52, T'Challa wọ ẹgbẹ́ àwọn akọni Amẹ́ríkà, gbogbo ayé sì gbà pé ìbáṣepọ̀ ni. Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, Priest jẹ́ kó hàn pé amí ni ọba bá lọ. Ọba kan rí i pé àwọn alágbára kóra jọ ní ìlú òkèèrè. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n lè di ewu fún àwọn ènìyàn òun, ó sì lọ jókòó sáàárín wọn. Priest kò pa ìlà kan rẹ́ nínú ìwé àtijọ́. Àpótí kọ̀ọ̀kan wà bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n ẹ padà lọ kà á: gbogbo ìgbà tí ọba bá mi orí tí kò sọ nǹkan kan, gbogbo ìgbà tó bá dúró sí ẹ̀gbẹ́ tó ń wò, ìtumọ̀ rẹ̀ ti yí. Bí oníjàálá méjì bá ń ki ẹkùn, ọ̀kan lè ki í bí ọ̀tá, èkejì lè ki í bí ẹni tí ẹwà rẹ̀ wù, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lè sọ pé ẹkùn kò ní tóótòòtó lára. Priest mọ ààlà yẹn, ó sì ṣiṣẹ́ ribiribi láàárín rẹ̀.

Reginald Hudlin àti John Romita Jr. gbà á ní 2005. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ayé àtijọ́, níbi tí àwọn ará Wakanda ti ń lé àwọn tó wá gbógun tì wọ́n padà, ojú ẹni tí wọn kò ṣẹ́gun rí ni wọ́n sì fi wo gbogbo ayé. Ọwọ́ wọn ni Shuri, àbúrò ọba, ti jáde. Klaus Janson tó fi tàdáwà tẹ iṣẹ́ Buckler ní 1973 náà ló tẹ ti Romita yìí. Mo máa ń gbé ìwé méjèèjì síra láti wo bí ọwọ́ kan náà ṣe rí lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyẹn: ìlà rẹ̀ ti le sí i, ó ti gé kúrú, kò sì bẹ̀bẹ̀ mọ́.

Ní 2016, Ta-Nehisi Coates dúró sí ibi tó le jù, àárín àwọn ọmọ ìlú tí ọba ti sú. Rògbòdìyàn àwọn tó ń wa vibranium ló ṣí ìwé náà. Ayo àti Aneka, tí wọ́n jẹ́ ẹ̀ṣọ́ ọba tẹ́lẹ̀, kẹ̀yìn sí i nítorí pé òfin rẹ̀ kò gba obìnrin là. Brian Stelfreeze, tó ya èyí àkọ́kọ́, kì í fi ìlà ṣòfò, Laura Martin sì mọ ìgbà tó yẹ kí àwọ̀ tutù àti ìgbà tó yẹ kó gbóná. Ohun kan ń dùn mí nínú iṣẹ́ Coates. Nígbà tó yá, ó kó àwọn òrìṣà Wakanda jọ, ó pe gbogbo wọn ní Orisha: Bast, Ptah àti Thoth láti Íjíbítì, Mujaji láti gúúsù Áfíríkà, Kokou tí wọ́n ń bọ ní Benin àti Togo. Ẹni tí wọ́n kó baba ńlá rẹ̀ lẹ́rú lọ ní ẹ̀tọ́ láti ṣa ohun tó bá rí jọ, n kò bá a jà. Àmọ́ òrìṣà kọ̀ọ̀kan ní ìlú, ó ní èèwọ̀, ó ní oúnjẹ, ó ní ẹni tó ń bọ ọ́. Ohun tó ń fún un ní ìwà nínú àwòrán nìyẹn. Bí a bá mú wọn kúrò, ère lásán la yà.

Fíìmù Ryan Coogler ní 2018 jókòó lórí èjìká gbogbo wọn: Killmonger àti ìjà etí ìṣàn omi láti ọ̀dọ̀ McGregor, Ross àti àwọn Dora Milaje, àwọn obìnrin ẹ̀ṣọ́ ọba, láti ọ̀dọ̀ Priest, Shuri láti ọ̀dọ̀ Hudlin. Lọ́dún yẹn kan náà, Nnedi Okorafor, ọmọ Igbo tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, kọ ìwé Shuri pẹ̀lú Leonardo Romero. Ọba kò sí nílé níbẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin tó fi ilé sílẹ̀ fún là ń wò.

Bí wọ́n bá gbé T'Challa lé mi lọ́wọ́, mo mọ ibi tí n ó dúró sí. Bodè ni. Obìnrin kan láti orílẹ̀-èdè tó múlé ti Wakanda, tó ń ru iṣu àti ẹja gbígbẹ wá síbi tí àwọn ẹ̀ṣọ́ kì í jẹ́ kó kọjá, tó sì ń rí iná ìlú náà lálaalẹ́ láti ilé rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ṣàìsàn, oògùn sì wà lódì kejì. Mo fẹ́ ya ọjọ́ tí ọba bá a pàdé, kí obìnrin náà bi í léèrè lójú koroju ìdí tí ọmọ òun fi kú, kí n sì wá mọ ibi tí n ó ti rí ìdáhùn lára ọkùnrin tí kò ní ẹnu.