Ẹran Tí Kò Kú Rí

Àwọn àgbà a máa ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ṣùgbọ́n bó bá di ọ̀rọ̀ oúnjẹ inú páálí, ẹnu lọ̀rọ̀ wà o, nítorí àwòrán ara páálí kì í jẹ́ kí ojú rí òótọ́. Lóṣù yìí, ẹ̀yin òǹkàwé mi, n kò ní yẹ ìwé tàbí eré orí ìtàgé wò. Oúnjẹ ni mo fẹ́ yẹ̀ wò: oúnjẹ àwọn ará Íńdíà tí kò ní ẹran, tí wọ́n fi sóyà sè, tí wọ́n mú kó dì gbagidi bíi yìnyín, pẹ̀lú búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Ó kún inú fírísà àwọn ìsọ̀ Íńdíà ní Wembley àti Southall nílùú Lọ́ńdọ̀nù. Bí ẹnì kan bá ní kí ló kan alámèyítọ́ kan ìkòkò ọbẹ̀, èsì mi kò jìnnà. Etí wa ni ẹni tó kọ̀wé ń tọrọ. Ẹ̀mí wa ni ẹni tó se oúnjẹ tà ń tọrọ. Èwo ló yẹ ká fẹ̀sọ̀ yẹ̀ wò jù?

Kì í ṣe ọ̀kánjúwà ló gbé mi débẹ̀. Dókítà ló ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, kí n dín ẹran pupa àti iyọ̀ kù. Ẹ gbà mí! Èmi tí wọ́n fi ẹran àti pọ̀nmọ́ tọ́ dàgbà, tí mo ka ọbẹ̀ tí kò lẹ́ran sí ọbẹ̀ ìyà! Mo rò ó pé ọ̀dọ̀ àwọn tó mọ bí a ṣe ń jẹun láìjẹran ló yẹ kí n ti lọ kọ́ ọgbọ́n. Mo bá ra páálí mẹ́ta àti búrẹ́dì oríṣi méjì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń jẹ. Sóyà kì í ṣe oúnjẹ àtayébáyé fún ọ̀pọ̀ ará Íńdíà bí dal ṣe jẹ́. Láàárín 1960 sí 1970 ni àwọn yunifásítì ní Pantnagar àti Jabalpur, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Yunifásítì Illinois ti Amẹ́ríkà, ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn àgbẹ̀ gbá a mú, pàápàá ní ìpínlẹ̀ Madhya Pradesh. Bí wọ́n bá ti yọ òróró inú rẹ̀ tán, wọ́n á lọ ìyókù di ìyẹ̀fun, wọ́n á pò ó mọ́ omi, wọ́n á sì fi ẹ̀rọ gbígbóná tì í gba ihò kékeré jáde tipátipá. Bó ṣe ń jáde ló ń wú, tí inú rẹ̀ ń ní ihò bíi ti kànìnkànìn. Nínú gíráàmù 100 rẹ̀ tó gbẹ, nǹkan bíi gíráàmù 50 ni èròjà tó ń mú ara dàgbà, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé bó bá ti mu omi tán, ìwọ̀n yẹn á lọ sílẹ̀ gan-an. Àwa náà kì í ṣe àjèjì sí i. IITA tó wà n'Íbàdàn wà lára àwọn tó tan ọ̀nà sísè rẹ̀ kálẹ̀ nílẹ̀ wa láàárín 1980 sí 1990, wọ́n sì ń dín wàrà sóyà tà lójú títì.

Páálí kìíní ni keema matar, sóyà wẹ́wẹ́ bí ẹran lílọ̀, pẹ̀lú ẹ̀wà tútù roboto. Ká má purọ́, ó dùn! Nítorí pé sóyà náà kéré, atalẹ̀, áyù àti àwọn èròjà yòókù wọ inú rẹ̀ délẹ̀délẹ̀.

Páálí kejì, ẹ̀fọ́ pẹ̀lú sóyà ńláńlá, ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Omi tó wà nínú sóyà ló di yìnyín. Bí yìnyín bá sì ń rọra dì, ńṣe ló máa ń tóbi, tí á máa fa ibi tó wà ya. Nígbà tó yọ́ tán, omi tú jáde. Ọbẹ̀ ń ṣàn lábẹ́ àwo, èmi ń jẹ ohun tó dà bíi kànìnkànìn ìfọwó.

Páálí kẹta, soya chaap, ló bí mi nínú jù. Ó gbajúmọ̀ ní Delhi àti Punjab. Wọ́n á po sóyà mọ́ ìyẹ̀fun àlìkámà, wọ́n á wé e mọ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́ kó lè jọ itan adìẹ. Bí wọ́n bá sun ún lórí ẹyin iná lójú pópó, èéfín á fún un ládùn. Tinú páálí ńkọ́? Èéfín ti lọ, igi ló kù. Kò rí adìẹ dà, kò sì rí sóyà jẹ́ mọ́.

Ibi tí mo ti bá wọn jà nìyẹn. Mọ́ínmọ́ín wa kò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó pe òun ní ẹran. Àkàrà kò wọ ẹ̀wù adìẹ. Ẹ̀wà ni wọ́n, wọ́n sì ń fọwọ́ sọ̀yà pé ẹ̀wà ni àwọn. Èé ṣe tí sóyà kò lè fọwọ́ sọ̀yà bẹ́ẹ̀?

Búrẹ́dì wá ńkọ́? Mo gbé naan sínú máíkírówéfù. Ó kọ́kọ́ rọ̀ bí ẹ̀kọ, ṣùgbọ́n kí n tó fi ìdajì rẹ̀ kan ọbẹ̀, ó ti le bí awọ bàtà. Paratha kò ṣe mí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rá wà láàárín ìpele ìpele rẹ̀, tútù ni wọ́n sì ṣe é sínú yìnyín láìtíì jinná. Orí páànù gbígbóná ló ti jinná, ó dún wàrà-wàrà, òórùn rẹ̀ sì gba ilé kan.

Òórùn yẹn ló pe màmá kan tó ń gbé lókè ilé wa. Ará Gujarat ni wọ́n, Ùgáńdà la gbé bí wọn. Wọ́n wà lára àwọn tó lé ní 27,000 tó wá sí Bìrìtéènì nígbà tí Idi Amin lé àwọn ará Éṣíà jáde ní 1972, tó fún wọn ní 90 ọjọ́ péré. Lẹ́nu wọn ni mo ti gbọ́ pé ẹ̀gẹ́ ni mogo tí mò ń rí nínú fírísà ìsọ̀ Íńdíà. Nígbà tí mo ka ẹ̀sùn mi sílẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín.

“Ọmọ mi, ta ló ní kí o gbé naan sínú ẹ̀rọ yẹn? Wọ́n omi sí i, gbé e sórí páànù. Má sì bú oúnjẹ fírísà ju bó ti yẹ lọ. Nígbà tí mò ń ṣiṣẹ́ alẹ́, tí mò ń tọ́ ọmọ mẹ́rin, ta ni ì bá máa yí roti fún mi? Fírísà lọmọ ọ̀dọ̀ mi.”

Ọ̀rọ̀ yẹn mú mi dákẹ́. Ẹni tí kò ráàyè, ẹ má fi oúnjẹ gbígbóná ìyá àgbà bú u.

Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí n kò lè dákẹ́ lé lórí, ìyẹn ni iyọ̀. Ìjọba Bìrìtéènì ní kí àgbàlagbà má jẹ ju gíráàmù 6 lọ lóòjọ́. Iye tí wọ́n kọ sára páálí chaap tèmi, ti ìdajì páálí ni! Ta ní ń jẹ ìdajì? Nígbà tí mo ṣírò odindi pọ̀ mọ́ naan, ó ti lé ní 4, n kò sì tíì jẹ oúnjẹ alẹ́. Ẹran tí mo sá fún kò bá mi, iyọ̀ ló ti lọ dúró dè mí níwájú.

Ìdájọ́ mi rèé. Ẹ ra keema, ẹ ra paratha, kí ẹ sì gbóná rẹ̀ lórí páànù. Ẹ fi chaap sílẹ̀ fún ẹni tó ní ẹyin iná. Kí ẹ tó sanwó, ẹ yí páálí padà, kí ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Iwájú ló ń tajà, ẹ̀yìn ló ń sọ òótọ́.