Orúkọ Abẹ́nà Ìmọ̀: Lámèyítọ́ Ètò Àyẹ̀wò Ìlànà Ọmọlúàbí nínú Iṣẹ́ Ìwádìí Akẹ́kọ̀ọ́ Ìmọ̀ Yorùbá

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe lámèyítọ́ ètò tí ó ní kí ìgbìmọ̀ kan yẹ iṣẹ́ ìwádìí akẹ́kọ̀ọ́ wò kí akẹ́kọ̀ọ́ náà tó tọ ènìyàn lọ láti gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu wọn. Ojú ẹni tí ń ṣa lítíréṣọ̀ alohùn jọ ni iṣẹ́ náà fi wo ọ̀rọ̀ yìí. Ó fi hàn pé ìbéèrè tí ètò náà ń béèrè tọ̀nà, ṣùgbọ́n ìdáhùn tí ó ti kọ sílẹ̀ de akẹ́kọ̀ọ́, pàápàá jù lọ lórí orúkọ àti ìfọwọ́sí, kò bá iṣẹ́ alohùn mu.

Ìfáàrà

Ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ètò àyẹ̀wò yìí bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń kàwé gboyè ìjìnlẹ̀ kejì nínú ìmọ̀ Yorùbá, tí ó sì fẹ́ gba ìjálá sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ọdẹ, ní ìwé méjì tí ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ. Ọ̀kan ni àbá iṣẹ́ ìwádìí, èyí tí alábòójútó rẹ̀ yóò kà. Èkejì ni fọ́ọ̀mù ìgbìmọ̀ tí ń mójú tó ìlànà ọmọlúàbí nínú ìwádìí. Fọ́ọ̀mù yìí yóò bi í léèrè pé: Ewu wo ni ó lè ti ara iṣẹ́ náà bá olùkópa? Báwo ni orúkọ olùkópa yóò ṣe fara sin? Ǹjẹ́ owó wà tí olùkópa yóò gbà? Níbo ni yóò fọwọ́ sí? Olùkópa tí wọ́n ń sọ yìí ni àgbà ọdẹ tí ó ti ń sun ìjálá láti ogójì ọdún sẹ́yìn, tí gbogbo ìlú mọ ohùn rẹ̀ nínú òkùnkùn.

Ó rọrùn láti fi irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn olùkọ́ èdè kò sì ṣàì máa ṣe bẹ́ẹ̀. Èrò wọn ni pé ọ̀rọ̀ dókítà ni, pé ẹnikẹ́ni kì í fi abẹ́rẹ́ gba oríkì. Òtítọ́ wà nínú èrò yìí, ṣùgbọ́n kò tó. Ọ̀rọ̀ ẹnu ènìyàn náà jẹ́ ohun ìní rẹ̀, bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe jẹ́ tirẹ̀. Àwọn tí wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn gba oyè láìpadà sẹ́yìn láti kí onítọ̀hún kò níye.

Ibi tí ètò náà ti ṣẹ̀ wá

Ilé ìwòsàn ni ètò yìí ti wá, ikú ni ó sì bí i. Ní 1947, ní Nuremberg ní ilẹ̀ Jámánì, ilé-ẹjọ́ tí ó dájọ́ àwọn dókítà Nazi tí wọ́n fi ẹlẹ́wọ̀n ṣe ìwádìí burúkú gbé ìlànà mẹ́wàá kalẹ̀. Èyí tí ó ṣáájú nínú wọn ni pé ẹni tí wọ́n bá fẹ́ lò fún ìwádìí gbọ́dọ̀ yọ̀ǹda ara rẹ̀ láìsí ipá. Ní 1964, ẹgbẹ́ àwọn dókítà lágbàáyé ṣe ìkéde tiwọn ní Helsinki. Síbẹ̀, ní Tuskegee ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà, láti 1932 títí di 1972, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba ń wo ọkùnrin aláwọ̀ dúdú 399 tí wọ́n ní àrùn syphilis níran. Wọn kò sọ àrùn tí ó ń ṣe wọ́n fún wọn. Wọn kò sì fún wọn ní penicillin nígbà tí ó ti di oògùn tí gbogbo dókítà fi ń wo àrùn náà. Láti inú ìtìjú yìí ni ìwé tí wọ́n ń pè ní Belmont Report ti jáde ní 1979. Ohun mẹ́ta ni ìwé náà tẹnu mọ́: ọ̀wọ̀ fún ènìyàn, ṣíṣe ènìyàn lóore láìpa á lára, àti ìdájọ́ òdodo.

Ti Kánò ni ó kan Nàìjíríà gbọ̀ngbọ̀n. Ní 1996, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn meninjáítìsì, tí ń mú kí ọrùn ọmọdé gan, ń jà ní ìlú náà, ilé-iṣẹ́ apoògùn Pfizer dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọdé tí àrùn náà mú. Ọmọ 200 ni wọ́n lò. 100 gba Trovan, 100 yòókù gba oògùn mìíràn. Ọmọ 11 ni ó kú nínú wọn, márùn-ún nínú àwọn tí ó gba Trovan, mẹ́fà nínú àwọn tí ó gba èkejì. Ilé-iṣẹ́ náà ní àrùn ni ó pa wọ́n. Àwọn òbí kan ní ẹnikẹ́ni kò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni wọ́n ń fi ọmọ àwọn ṣe. Lẹ́tà ìgbìmọ̀ kan wà tí ó fi hàn pé wọ́n gba àṣẹ. Ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn Washington Post gbé e jáde ní 2001 pé ilé ìwòsàn tí lẹ́tà náà ti wá kò tíì ní irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí rẹ̀. Ní 2009, ilé-iṣẹ́ náà àti ìjọba ìpínlẹ̀ Kánò parí ẹjọ́ wọn lórí mílíọ̀nù 75 dọ́là. Kí ẹjọ́ yẹn tó parí, ní 2007, Nàìjíríà ti ní ìwé òfin ìlànà tirẹ̀ fún ìwádìí ìlera. Òfin ìlera ti 2014 sì fún ìgbìmọ̀ àpapọ̀ tí ń bójú tó o ní agbára.

Bí onímọ̀ èdè bá ka ìtàn Kánò yìí dáadáa, yóò rí i pé kì í ṣe àìsí ìwé ni ó fa wàhálà. Ìwé wà. Ẹni tí yóò jókòó ti òbí, tí yóò fi èdè tí ó yé e bá a sọ̀rọ̀, tí yóò sì dúró gbọ́ èsì rẹ̀, ni kò sí. Fọ́ọ̀mù tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ lónìí lè gba ọ̀nà kan náà lọ bí ìgbìmọ̀ bá ń ka ibuwọ́lùwé láìbéèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó bu ọwọ́ lùwé.

Orúkọ tí ó fara sin, orúkọ tí ó gbọ́dọ̀ hàn

Níbi ọ̀rọ̀ orúkọ ni ètò ilé ìwòsàn àti iṣẹ́ alohùn ti kọjú ìjà síra wọn jù lọ. Dókítà gbọ́dọ̀ fi orúkọ aláìsàn pamọ́ nítorí pé ìtìjú ni àrùn lè jẹ́ fún un. Fọ́ọ̀mù gbé òfin yìí wá bá apohùn. Akẹ́kọ̀ọ́ ṣe bí wọ́n ti wí, ohun tí ó sì hàn nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ‘Abẹ́nà ìmọ̀ kẹta, ọkùnrin, ọmọ ọdún 72, àgbẹ̀’. Ìjálá ojú ewé mẹ́rìnlá wà lábẹ́ rẹ̀, kò sì ní olówó.

Ohun tí ó mú èyí burú ni pé apohùn fúnra rẹ̀ kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Apohùn tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ láìjúbà. Ó ń júbà àgbà, ó ń júbà ẹni tí ó kọ́ ọ ní iṣẹ́, ó sì ń dárúkọ rẹ̀ ketekete kí àwùjọ lè mọ ẹni tí ó bí ohùn náà. Nínú àṣà yìí, ẹni tí ó sọ̀rọ̀ tí kò dárúkọ orísun ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti dẹ́ṣẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ wá gba ìjúbà náà sílẹ̀, ó tú u palẹ̀, ó ṣàlàyé iṣẹ́ tí ó ń ṣe nínú ewì, ó sì pa orúkọ ẹni tí ó júbà rẹ́ ní ojú ewé kan náà. Ìwé àṣẹ ni yóò sì fi hàn bí wọ́n bá bi í.

Àwọn tí ó ti ṣe iṣẹ́ yìí tẹ́lẹ̀ kò ṣe báyìí. Ohùn tí William Bascom gbà sílẹ̀ lẹ́nu Salakọ ní Ọ̀yọ́ ní 1951 ni ìwé rẹ̀ lórí ẹ̀ẹ́rìndínlógún, tí ó jáde ní 1980, dúró lé. Orúkọ Salakọ sì wà níbẹ̀, kò fara sin. Karin Barber, nínú ìwé rẹ̀ ti 1991 lórí oríkì ní Òkukù, jẹ́ kí òǹkàwé mọ Ṣàngówẹ̀mí bí ènìyàn tí ó ní ọgbọ́n tirẹ̀ àti ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé nọ́ńbà ni wọ́n pe àwọn méjèèjì yìí, ẹni tí ó bá ń ka ìwé náà lónìí ì bá rò pé àwọn òyìnbó náà ni ó ni ìmọ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe sáré sọ pé kí gbogbo orúkọ hàn. Oríkì kì í ṣe ìyìn nìkan. Oríkì orílẹ̀ lè gbé ọ̀rọ̀ ẹrú, ọ̀rọ̀ ogun tàbí àbùkù baba ńlá kan dání, àwọn ọmọ ilé náà sì mọ ìgbà tí wọ́n lè gbọ́ ọ àti ìgbà tí wọn kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ. Obìnrin tí ó ki irú oríkì bẹ́ẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ nínú yàrá lè di ẹni tí mọ̀lẹ́bí ń bá jà bí orúkọ rẹ̀ bá jáde pẹ̀lú rẹ̀. Ìyàwó tí ó ṣàlàyé pé orogún òun ni òun ń fi orin kan bú kò wá kí gbogbo ilé-ìwé gbọ́ ọ. Nítorí náà, ìgbìmọ̀ kò lè dá ọ̀rọ̀ orúkọ yìí pa láti yàrá ìpàdé, alábòójútó kò sì lè dá a pa. Ẹni tí ó ni ohùn ni kí wọ́n bi, orin kan tẹ̀lé òmíràn, nítorí pé ó lè fẹ́ kí orúkọ òun wà lórí ìjálá kí ó má sì wà lórí ìtàn tí ó sọ lẹ́yìn rẹ̀.

Ìyọ̀ǹda àti ìtẹ̀ka

Fọ́ọ̀mù fẹ́ kí abẹ́nà ìmọ̀ fọwọ́ sí ìwé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àgbà tí kò kàwé yóò tẹ ìka. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó dàgbà ní ìgboro lè má mọ ohun tí ìtẹ̀ka túmọ̀ sí ní abúlé: ọ̀pọ̀ ìdílé ni ilẹ̀ wọn bọ́ nítorí ìwé tí baba wọn tẹ̀ka sí láìmọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Kí ọmọ àlejò kan yọ ìwé àti yíǹkì jáde kí wọ́n tó kí ara wọn tán, ìbẹ̀rù ni ó mú wọlé. Ìyọ̀ǹda tí wọ́n fi ohùn sọ, tí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ gbà, ní ìṣojú ọmọ ilé kan, lágbára ju ìka yẹn lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn náà wà níbẹ̀. Ìlànà ilé ìwòsàn ń bẹ̀rù pé owó lè ti aláìní sínú ewu, ìbẹ̀rù náà sì tọ̀nà. Àmọ́ ta ni ó ń lọ sílé àgbà lọ́wọ́ òfo? Akẹ́kọ̀ọ́ kọ ‘Rárá’ síwájú ìbéèrè owó lórí fọ́ọ̀mù, ó sì ra obì àti ọtí lọ́jọ́ kejì. Irọ́ ti wọ iṣẹ́ náà láti ojú ewé àkọ́kọ́, ìlànà ọmọlúàbí ni ó sì fà á.

Èyí tí ó ṣòro jù ni ti awo. Babaláwo lè jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ jókòó, kí ó gbọ́ ẹsẹ kan, kí ó sì sọ pé, ‘Gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n má kọ ọ́.’ Kò sí àyè fún gbólóhùn yìí lórí fọ́ọ̀mù tí ó ní ‘Bẹ́ẹ̀ ni’ àti ‘Rárá’ nìkan. Àgbà náà ti gbà, kò sì gbà. Nísinsìnyí tí fóònù ọwọ́ lè gba ohùn sílẹ̀, kí ó sì fi ránṣẹ́ sí ọgọ́rùn-ún ènìyàn kí akẹ́kọ̀ọ́ tó délé, ‘má kọ ọ́’ ti di ‘má fi ránṣẹ́’ pẹ̀lú. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè sọ fún ìgbìmọ̀ ohun tí wọ́n fún un tí kò ní lò.

Nínú kíláàsì

Àwọn olùkọ́ tí ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ kò bọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́ N.C.E. a máa fi àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ṣe ìwádìí: ó pín ìwé ìbéèrè, ó gbà á padà, ó ní gbogbo wọn ni ó yọ̀ǹda ara wọn. Ta ni nínú wọn tí ó lè sọ pé òun kò ṣe fún ẹni tí ó ni máàkì lọ́wọ́? Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 ka ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 sí ọmọdé; lẹ́tà ọ̀gá ilé-ìwé nìkan kò lè rọ́pò òbí, òbí pẹ̀lú kò sì lè rọ́pò ojú ọmọ tí ó ń sọ pé òun kò fẹ́.

Ta ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò?

Ní 2017, Amẹ́ríkà tún òfin wọn lórí ìwádìí tí ó kan ènìyàn ṣe, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e ní kíkún ní 2019. Wọ́n yọ ìtàn àfẹnusọ, ìtàn ìgbésí ayé ẹni àti lámèyítọ́ lítíréṣọ̀ kúrò nínú ohun tí ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò, bí iṣẹ́ náà bá dá lórí ẹni gan-an tí ó sọ̀rọ̀. Àwọn kan lè fẹ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ gíga nílẹ̀ yìí ṣe bẹ́ẹ̀. Ara yóò tu alábòójútó, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n yíyọ tí wọ́n yọ iṣẹ́ náà kúrò lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ kò yọ gbèsè apohùn kúrò lọ́rùn akẹ́kọ̀ọ́. Bí ìgbìmọ̀ dókítà kò bá mọ ìyàtọ̀ láàrin ẹkún ìyàwó àti rárà, kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá yan àwọn tí ó mọ̀ ọ́n sínú ìgbìmọ̀ kékeré tirẹ̀, kí apohùn kan sì jókòó pẹ̀lú wọn.

Irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní fi gbogbo àkókò rẹ̀ sórí ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ. Bí nǹkan ṣe rí báyìí, wọ́n á di ìwé gboyè ní ẹ̀yà mélòó kan: ọ̀kan fún ilé ìkàwé, ọ̀kan fún ẹ̀ka ẹ̀kọ́, ọ̀kan fún alábòójútó, ọ̀kan fún akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tí ohùn rẹ̀ kún inú rẹ̀ kò ní ẹ̀yà kankan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé fóònù ọmọ rẹ̀ lè gbé gbogbo ohùn tí wọ́n gbà lẹ́nu rẹ̀. Kí wọ́n fi ìlà kan kún fọ́ọ̀mù náà, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti béèrè ọjọ́ tí ìwádìí yóò bẹ̀rẹ̀: ọjọ́ wo ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò padà lọ gbé ohùn náà sétí ẹni tí ó ni ín, kí onítọ̀hún lè sọ ohun tí wọn yóò yọ?