Ohun tí Ìṣirò Rí Nínú Àwọn Odò West Virginia

Ní gúúsù ìpínlẹ̀ West Virginia, ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń wa èédú kì í gbẹ́ ihò wọnú òkè nìkan. Wọn a máa ṣí orí òkè gan-an kúrò. Wọ́n á gé igbó rẹ̀, wọ́n á fi ẹ̀tù fọ́ àpáta, wọ́n á kó èédú tó wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì da àfọ́kù àpáta tó kù sínú àfonífojì tó wà nítòsí. Inú irú àfonífojì bẹ́ẹ̀ ni odò ti sábà máa ń sun.

Ní 2012, Ọ̀jọ̀gbọ́n Emily Bernhardt ti Yunifásítì Duke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ iṣẹ́ kan jáde tí mo fẹ́ràn púpọ̀, nítorí ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n fi sùúrù tọ̀ délé: òkè mélòó la lè wa kí odò tó bàjẹ́? Wọ́n ya àwòrán gbogbo ibi tí wọ́n ti wa èédú láti òkè ilẹ̀ láàárín 1976 sí 2005, nínú agbègbè tó fẹ̀ tó kìlómítà onígun mẹ́rin 19,581. Wọ́n wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọsílẹ̀ omi àti ti ẹ̀dá inú omi láti odò 223.

Iyọ̀ wà lára ohun tí wọ́n wò nínú omi náà. Omi tí kò ní iyọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé iná mànàmáná. Nítorí náà, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n tì bọ odò lè sọ bí iyọ̀ inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Nígbà tí wọ́n bá fọ́ àpáta, òjò àti afẹ́fẹ́ á ráyè dé ibi tí imí ọjọ́ há sí nínú òkúta. Á di súféètì, á sì bá omi lọ. Bí ilẹ̀ tí wọ́n wa ṣe ń pọ̀ sí i lókè odò, bẹ́ẹ̀ ni iyọ̀ àti súféètì ń pọ̀ sí i nísàlẹ̀. Òótọ́ ni pé nǹkan méjì lè jọ máa rìn láìjẹ́ pé ọ̀kan ló fa èkejì. Ṣùgbọ́n a mọ ọ̀nà tí súféètì yìí gbà, láti inú àpáta títí dé inú omi.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti wú mi lórí jù ni pé wọn kò fi tipátipá fa ìlà gbọọrọ la àárín nọ́ńbà wọn kọjá. Ìlànà ìṣirò tí wọ́n lò gbà kí ìlà tẹ̀ níbi tí àkọsílẹ̀ fúnra rẹ̀ bá ti tẹ̀. Wọ́n rí i pé tí ilẹ̀ tí wọ́n wa bá ti ju ìdá 5.4 lọ nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ tó ń da omi sínú odò kan, ó ṣeé ṣe kí odò náà kùnà òṣùwọ̀n ìpínlẹ̀ fún odò tí ara rẹ̀ dá. Bákan náà ni tí ìwọ̀n bí omi ṣe ń gbé iná bá kọjá 308 µS/cm. Ọdún kan ṣáájú, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo àyíká ti fi 300 ṣe ààlà. Ìṣirò ti àjọ náà yàtọ̀: wọ́n to ẹ̀yà kòkòrò odò lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n ń wo ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti pòórá. Odò West Virginia ni iṣẹ́ méjèèjì wò, ọ̀nà wọn kì í ṣe ọ̀kan, síbẹ̀ ẹ wo bí 300 ṣe sún mọ́ 308.

Àwọn kòkòrò tí ara wọn ò gba iyọ̀ kì í dúró dìgbà tó bá pé 5.4. Láti ìdá 2.2 péré ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń pòórá, bẹ́ẹ̀ àwọn ni oúnjẹ ẹja.

Ní 2005, ìdá 5 péré nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ agbègbè náà ni wọ́n ti wa. Ṣùgbọ́n ìdá 6 nínú odò rẹ̀ ti wà lábẹ́ àfọ́kù àpáta, ìdá 22 nínú gígùn gbogbo odò ibẹ̀ sì ń gba omi láti ilẹ̀ tó ti kọjá ààlà 5.4. Omi ló ń gbé ẹrù náà kiri. Ẹni tó ń gbé nísàlẹ̀ odò lè má rí òkè tí wọ́n fọ́ rárá.

Nọ́ńbà yìí ṣeé lò lónìí. Ẹni tí wọ́n gbé ìwé àṣẹ ìwakùsà tuntun síwájú rẹ̀ lè ro gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n ti wa lókè odò náà pọ̀, kó fi èyí tí wọ́n ń tọrọ kún un, kó sì wò ó bóyá yóò kọjá 5.4, kí ẹnikẹ́ni tó fi ẹ̀tù sínú àpáta.